Ọwọ́ Kejìlá

Owú ló sún Ìyá Oníkọ́tìnì tó fi yọ orúkọ ọkọ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn àbá òfin kan ṣoṣo tí ì bá gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ là, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé ìwé náà lọ.

Obìnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ìyẹn. Ó lé ní ogún ọdún tó ti ń rán kọ́tìnì, kò sí fèrèsé tó máa wò lẹ́ẹ̀kan tí kò ní mọ gígùn rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ di sẹ́nétọ̀, àwọn èèyàn rò pé á ti ṣọ́ọ̀bù pa, á máa jókòó sẹ́yìn mọ́tò. Kò tì í. Ó ní ipò lè bọ́ lọ́wọ́ ọkọ òun lọ́la, ṣùgbọ́n aráyé ò ní yéé kọ́lé tó ní fèrèsé. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù náà wà: maṣíìnì méjì, tábìlì gígùn kan tó ń gé aṣọ lé lórí, àti páálí kan tó kún fún òrùka irin.

Ilé ìwé ò rí i ju ọdún méjì lọ. Ó ti bímọ méjì kó tó kọ́ ìwé kíkà, fúnra rẹ̀, láti ara ìwé ìwọ̀n tí àwọn oníbàárà ń fi ránṣẹ́: gígùn, ìbú, iye fèrèsé. Nítorí náà, ìwé tó bá sọ nǹkan tó sì dákẹ́ ló fẹ́ràn. Ọ̀rọ̀ tó bá ti gùn jù, ojú tó fi ń wo aṣọ tí wọ́n ká mẹ́rin lọ́wọ́ aláṣọ ló fi ń wò ó. Ó gbà pé ó ní ibi tó ti ya nínú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, tí olùkọ́ kan wá gba kọ́tìnì pálọ̀ rẹ̀. Ó na aṣọ náà wò, ó yìn ín, ó ń lọ. Ó wá yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá Oníkọ́tìnì, ẹ bá wa kí Sẹ́nétọ̀ Àga o.”

“Sẹ́nétọ̀ kí ni?”

“Háà, ẹ ò tíì gbọ́ ni? Bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n lójú títì nìyẹn. Wọ́n ní láti ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti dé ilé aṣòfin, àga ni wọ́n ń mú gbóná, ẹnu wọn ò là rí.”

“Ìwọ tí ẹnu ẹ là, kí lo fi ṣe? Gba kọ́tìnì ẹ, kó o máa lọ.”

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ. Ó dúró sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ta Ìyá Oníkọ́tìnì bí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú aṣọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ sí ilé aṣòfin láti lọ wo iye iṣẹ́ tí ọkọ òun ti ṣe, kó lè rí ohun tó máa fi dá olùkọ́ lóhùn.

Ìsàlẹ̀ ilé náà ni wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àwọn àbá òfin. Yàrá gígùn ni, tábìlì kan dí ẹnu rẹ̀, fèrèsé mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lójú wọn, oòrùn ń jó àwọn fáìlì. Bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń lo jígí ojú méjì, ọ̀kan lórí imú, ọ̀kan níwájú orí, ó sì máa ń wá ìkejì kiri. Bàbá Fáìlì ni gbogbo ilé ń pè é.

“Iṣẹ́ ọkọ mi ni mo wá wò,” ni Ìyá Oníkọ́tìnì wí.

“Ẹ káàbọ̀, aya wa. Ìwé aráàlú ni, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó. Ẹ má ṣáà fi itọ́ ṣí i.” Ó gbé ìwé ńlá kan bọ́ sórí tábìlì, eruku sọ. “Èyí tí wọ́n gbé wá fúnra wọn lẹ fẹ́ ni, àbí èyí tí wọ́n tẹ̀lé?”

“Kí ló yàtọ̀ nínú méjèèjì?”

“Ẹni tó gbé àbá wá, òun ló dáná, tó sì gbé ìkòkò kaná. Orúkọ rẹ̀ ló ń ṣíwájú. Àwọn tó tẹ̀lé e, ṣíbí ni wọ́n mú dání wá. Ṣùgbọ́n ṣíbí náà ṣe pàtàkì o. Bí ọwọ́ tó wà lórí àbá kan bá pé méjìlá, a jẹ́ pé ó máa dé iwájú ilé kí sáà tó parí. Bí kò bá pé, ó di sáà tó ń bọ̀, lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ látorí òkúta ìdáná.”

Ìyá Oníkọ́tìnì mú ìwé kékeré kan jáde nínú báàgì, ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Nọ́ńbà àbá, ẹni tó gbé e wá, ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Bàbá Fáìlì na ọrùn wò ó.

“Ẹ ò kọ àkọlé rẹ̀.”

“Ẹ wo bó ṣe gùn. Bí mo bá kọ gbogbo ìyẹn, mi ò ní délé lónìí.”

“Àkọlé ni wọ́n fi ń mọ ohun tó wà níbẹ̀.”

“Bàbá, bí wọ́n bá fẹ́ kí n mọ̀ ọ́n ni, wọ́n á sọ ọ́ kúkúrú.”

Ó kọ, ó kọ. Àbá mẹ́ta péré ni ọkọ rẹ̀ gbé wá fúnra rẹ̀. Ìyẹn dára, mẹ́ta kúrò ní àga lásán. Ó tẹ̀lé àbá mọ́kànlá. Ó dára náà. Ìgbà tó wá ń ka orúkọ àwọn tó gbé mọ́kànlá náà wá, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mẹ́fà nínú wọn, obìnrin kan ṣoṣo ló gbé e wá.

Obìnrin náà ti jẹ́ lọ́yà kó tó dé ilé aṣòfin, Lọ́yà náà ni wọ́n sì ń pè é títí di òní. Ìyá Oníkọ́tìnì mọ̀ ọ́n lójú. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, bàtà rẹ̀ kì í ní eruku. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sinmi mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń kọ nǹkan tuntun sínú ìwé ńlá náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló sì ń ti ṣọ́ọ̀bù. Kò bìkítà nípa olùkọ́ mọ́. Ó ń ṣọ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ nínú ìwé bí obìnrin mìíràn ṣe ń ṣọ́ àpò ṣòkòtò. Lọ́yà gbé àbá wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i lọ́jọ́rú. Ọjọ́ kan péré! Irin kọ́tìnì ilé ìdáná tó ní kó bá òun kàn mọ́ ògiri, oṣù mẹ́rin ló gbà á. Nígbà mìíràn, ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e, orúkọ rẹ̀ á wà lábẹ́ ti Lọ́yà gbágbágbá, kò sí ẹnì kankan láàárín wọn. Ìyá Oníkọ́tìnì á tẹjú mọ́ orúkọ méjèèjì tó sùn tira wọn lórí ìwé.

“Aya wa, ẹ tún ti dé,” ni Bàbá Fáìlì máa ń wí. “Ìyàwó sẹ́nétọ̀ mìíràn, ibi tí wọ́n ti ń ta góòlù ni wọ́n ń lọ. Ẹ̀yin, fáìlì.”

“Fáìlì kì í parọ́ fún mi.”

“Kì í parọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kéèyàn kà á dé ìsàlẹ̀.”

Ohun tó tún dá kún un ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ó ti fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn ńlá fún ọdún méjìlélógún. Oògùn tí wọ́n fi ń mú ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ ti jẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Awọ ibẹ̀ ń bó, egbò wà láàárín àwọn ìka, bó bá san lónìí, á tún là lọ́la. Dókítà kan ti sọ fún un pé bí egbò náà bá fi lè dé egungun, gígé ló kù. Ìtọ́jú rẹ̀ wà, ní ilé ìwòsàn náà gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti fẹ̀yìn tì, kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn mọ́. Àfi bí òfin bá pàṣẹ fún wọn.

“Àbúrò,” ni ẹ̀gbọ́n máa ń wí bó bá ti yọjú, “ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé wọn ò tíì rántí àwa alágbàfọ̀ nílé òfin?”

“Mo ti bá wọn sọ ọ́.”

“Tún un sọ. Ọkùnrin, bí aṣọ tó ní epo ni wọ́n rí. Wọn kì í mọ́ ní fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan.”

Ó tún un sọ. Ìdí oúnjẹ alẹ́ ló ti sọ ọ́. Sẹ́nétọ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀, ó nu ẹnu.

“Ó wà lọ́nà.”

“Ọ̀nà wo? Ọdún kejì rèé tó wà lọ́nà. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ni?”

“Ìyá wọn, má bi mí nípa èyí mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Ìwọ ṣáà gbà pé ó wà lọ́nà.”

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo, ó ń ṣe ìṣirò nínú. Fún ẹ̀gbọ́n òun tó ń jẹrà lọ́wọ́, kò ráyè. Fún Lọ́yà, ó ti di ìgbà mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ó di ìgbà mẹ́wàá. Àbá kejìlélógójì. Lọ́yà gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ajé náà. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́! Àwọn mẹ́wàá mìíràn sì ti tẹ̀lé e. Ó pé méjìlá géérégé.

Ó ṣeé ṣe kí ó fi ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ mọ síbẹ̀, ká ní kò pàdé Lọ́yà fúnra rẹ̀ nígbà tó ń jáde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó lọ sí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ko ara wọn. Lọ́yà rí i, ojú rẹ̀ tàn.

“Aya wa! Ẹ ǹlẹ́ o. Mo ti rí àwọn kọ́tìnì yín nílé ọ̀rẹ́ mi kan. Ọwọ́ yín mọ́ gan-an ni.”

“Ẹ ṣé.”

“Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Ṣé ọwọ́ wọn ti ń san díẹ̀díẹ̀? Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní kí wọ́n fara dà á.”

Ó fọwọ́ kan Ìyá Oníkọ́tìnì léjìká, ó kọjá, bàtà rẹ̀ ń dún kó-kó-kó lọ.

Ìyá Oníkọ́tìnì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Ta ló sọ fún un pé òun ní ẹ̀gbọ́n? Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ fún un? Nǹkan tí òun ń bá ọkọ òun sọ ní yàrá, lórí ibùsùn, tí òun fi omijé sọ, ọkọ òun ń kó o lọ fún obìnrin yìí. Ibo ló ti ń sọ ọ́? Báwo ló ṣe sún mọ́ ọn tó nígbà tó ń sọ ọ́? Ó sì ní kí wọ́n fara dà á! Ó yí padà, ó lọ bá Bàbá Fáìlì lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Bí sẹ́nétọ̀ bá ti tẹ̀lé àbá kan, ṣé ó lè padà lẹ́yìn rẹ̀?”

“Ó lè padà. Ìwé ìyọkúrò wà. Ó máa fọwọ́ sí i, wọ́n á kà á níwájú ilé, ó tán. Ṣùgbọ́n bó bá ti yọ ọ́, kò lè dá a padà ní sáà kan náà.” Ó wò ó láti òkè jígí. “Èwo ni?”

“Kejìlélógójì.”

“Háà. Ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé méjìlá ni. Bí wọ́n bá yọ ẹyọ kan, ó ṣubú nìyẹn, sáà sì ń parí lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Sẹ́nétọ̀ ló rán yín?”

“Ta ni ì bá tún rán mi?”

Bàbá Fáìlì fa fọ́ọ̀mù kan yọ, kò tíì fi sílẹ̀. Ó ṣí ìwé ńlá, ó yí i kọjú sí i.

“Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà níbẹ̀ ná, aya wa.”

Ó wò ó. *Àbá Òfin fún Àtúntò àti Ìmúgbòòrò Ètò Ààbò fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìpele Kẹta ní Àwọn Ibi Ìtọ́jú, àti fún Àwọn Ọ̀rọ̀ Mìíràn Tó So Mọ́ Ọn.* Ó ka “àtúntò,” ó ka “ìmúgbòòrò,” ó gbójú kúrò. Ohùn Lọ́yà ló ń gbọ́ níbẹ̀, tó ń yọ̀ lọ.

“Mi ò wá kàwé. Ẹ fún mi ní fọ́ọ̀mù.”

Ó mọ̀ pé àbá náà máa ṣubú. Ohun tó ń wá gan-an nìyẹn. Ó fẹ́ kí ó ṣubú níwájú gbogbo ilé, kí Lọ́yà yíjú wo ọkọ òun, kó mọ̀ pé ọkùnrin náà ní ilé tó ń padà sí.

Fífọwọ́ sí i kò le. Láàárọ̀ Ẹtì, bó ṣe rí ní gbogbo àárọ̀, Sẹ́nétọ̀ jókòó ti tábìlì oúnjẹ pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kó wá láti ọ́fíìsì. Ojú rẹ̀ kì í ríran dáadáa láàárọ̀, kì í sì í rántí ibi tó gbé jígí sí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń to ìwé síwájú rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé ilé aṣòfin. Ó máa ń ká òkè ìwé náà sẹ́yìn kí àyè lè wà fún àwo, á fi ìka tọ́ka sí ìlà, ọkọ rẹ̀ á fọwọ́ sí i, á mu tíì.

“Èyí ńkọ́?”

“Ti àwọn tó fẹ́ kí o wá bá àwọn ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀ ni.”

“Èyí?”

“Ti mọ́tò tó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.”

“Èyí?”

“Ìwé ilé aṣòfin lásán.”

Ó fọwọ́ sí i. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ìyá wọn, bí kì í bá ṣe ìwọ, wọn ì bá ti lé mi kúrò níbẹ̀ tipẹ́.”

Ọ̀rọ̀ náà gún un, ẹ má ṣe rò pé kò gún un. Ṣùgbọ́n owú ti gba ojú rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, fọ́ọ̀mù náà ti wà lórí tábìlì Bàbá Fáìlì.

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ aṣọ tó dára, ó gun òkè lọ sí ibi tí àwọn aráàlú ń jókòó sí nílé aṣòfin. Ó yan àga iwájú. Láti ibẹ̀, ó ń rí orí Lọ́yà, ó sì ń rí ẹ̀yìn ọrùn ọkọ rẹ̀, ìlà àga méjì láàárín wọn. Ó tilẹ̀ fojú wọn ìlà náà.

Olórí ilé ń ka àwọn àbá tó kù. Nígbà tó dé kejìlélógójì, ó gbé ìwé kan sókè.

“Ọwọ́ méjìlá ló wà lórí àbá yìí. Ìwé ìyọkúrò kan ti wọlé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ku mọ́kànlá. Kò lè wá síwájú ilé ní sáà yìí mọ́.”

Ariwo sọ díẹ̀. Lọ́yà dìde. Kò wo ẹnikẹ́ni.

“Olórí ilé, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ gbólóhùn kan péré kí ó tó bọ́ sílẹ̀.”

“Kan péré o.”

Ìyá Oníkọ́tìnì ká apá jọ, ó ń retí ọ̀rọ̀ gígùn.

“Àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn wa,” ni Lọ́yà wí, “awọ ọwọ́ wọn ń bó, àbá yìí ló ní kí ilé ìwòsàn tí wọ́n fọṣọ fún tọ́jú wọn, kódà bí wọ́n bá ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ àwọn kan nínú wọn ò sì lè dúró de ọdún méjì.”

Ó jókòó.

Ìyá Oníkọ́tìnì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó ju òye rẹ̀ lọ. Ó di irin iwájú rẹ̀ mú.

Nísàlẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti dìde dúró. “Olórí ilé, orúkọ ta ni wọ́n yọ?”

“Tìrẹ ni, Sẹ́nétọ̀.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo “Sẹ́nétọ̀ Àga!” láti ẹ̀yìn. Akọ̀wé gbé ìwé náà wá fún un. Ó yẹ àpò rẹ̀ wò, ó rí jígí, ó fi sójú. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní igun ìwé náà, níbi tí wọ́n ti ká a sẹ́yìn, ṣọ́ọ̀kì búlúù tí àwọn aránṣọ fi ń fàlà sára aṣọ ti yí i, ojú ìka kan wà níbẹ̀ kedere. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó sì rí i lórí àga iwájú.

“Ṣé ìwọ lo fọwọ́ sí i, tàbí ìwọ kọ́?” ni olórí ilé bi í. “Bí kì í bá ṣe ìwọ, sọ ọ́ báyìí, ká ránṣẹ́ pe ẹni tó gbé e wá. Wọ́n ń sẹ̀wọ̀n lórí irú ẹ̀.”

Lọ́yà ti yíjú sí Sẹ́nétọ̀ nígbà náà, ó ń wò ó bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Bó bá ní òun kọ́, ìwé náà bàjẹ́, ọwọ́ á padà pé méjìlá, àbá á dìde. Wọ́n á sì pe Bàbá Fáìlì, Bàbá Fáìlì ò ní parọ́ nípa ẹni tó gbé e wá.

“Èmi ni,” ni Sẹ́nétọ̀ wí. Ó jókòó.

Ó ti lé lọ́dún kan tí Ìyá Oníkọ́tìnì ti ń wá ẹ̀rí pé ọkọ òun fẹ́ òun ju obìnrin yìí lọ. Ó rí i gbà lọ́jọ́ náà, níwájú gbogbo ilé, kò sì mọ ibi tó máa gbé e sí.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ délé ní ìrọ̀lẹ́, ó bá a nínú ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó ti maṣíìnì tí kò tẹ̀. Ọkùnrin náà kò jágbe. Ì bá sàn ká ní ó jágbe.

“Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo tẹ̀lé e,” ló wí, “kó tó gbà láti gbé ti ẹ̀gbọ́n rẹ wá. Bí a ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Tẹ̀lé mi, kí n tẹ̀lé ẹ. Obìnrin yẹn kì í gbé ẹrù ẹlòmíì lásán.”

“Kí ló dé tí o ò gbé e wá fúnra rẹ?”

“Òfin ilé ni. Sẹ́nétọ̀ ò gbọdọ̀ ṣíwájú ohun tó máa ṣe ẹbí rẹ̀ lóore. Ó lè tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ti lọ ṣèlérí rẹ̀ fún wọn nílé, wọ́n á fà á ya.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

Ó wò ó. “Bí mo bá sọ ọ́ fún ẹ láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ á gbọ́ ọ lọ́sàn-án, gbogbo alágbàfọ̀ á gbọ́ ọ kí oòrùn tó wọ̀. Ṣé mo parọ́?”

Kò parọ́. Ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn, pé kò sí ibì kan nínú ọ̀rọ̀ náà tó lè dì mú bá a jà.

“Mo rò pé ìwọ àti Lọ́yà…”

“Èmi àti Lọ́yà kí ni? Obìnrin tó jẹ́ pé bí mo bá sín, ó máa béèrè ohun tí mo fẹ́ gbà lórí rẹ̀?” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. “O ì bá ti bi mí. Ọdún kan gbáko, Ìyá wọn. O ì bá kàn bi mí.”

“Ká ní mo bi ẹ́, o ì bá tún sọ pé kí n gbà pé ó wà lọ́nà.”

Ọkọ rẹ̀ bọ́ jígí, ó wọlé lọ.

Ìyá Oníkọ́tìnì kò rán ẹnikẹ́ni sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó lọ fúnra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n wà lórí ìjókòó kékeré níwájú ilé, ó ń fi ọwọ́ òsì ṣa ewébẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún wà lórí itan rẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e. Ìyá Oníkọ́tìnì kò jókòó. Ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò bu nǹkan kan kúrò: ìwé ńlá, orúkọ méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀, fọ́ọ̀mù, tíì. Nígbà tó parí, ẹ̀gbọ́n ṣì di ewé kan mú.

“Ṣé o rí àkọlé rẹ̀?”

“Mo rí i.”

“Ṣé o kà á?”

“Mi ò kà á tán. Ó gùn.”

“Ó gùn.” Ẹ̀gbọ́n ju ewé náà sínú abọ́. “Èmi ni mo wá jókòó síbí, tí mò ń bú ọkọ rẹ lójoojúmọ́ pé kò rántí mi.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí.”

“Mo gbọ́. Máa lọ ná. Bí o bá dúró, màá sọ nǹkan tí mi ò ní lè kó padà.”

Sẹ́nétọ̀ gbìyànjú. Ó lọ bẹ ọ̀gá ilé ìwòsàn, ọ̀gá náà ní òfin ni òun ń tẹ̀ lé, kí wọ́n mú òfin wá. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, wọ́n fún un ní ìpara, wọ́n fún un ní oògùn ìrora, wọ́n ní irú egbò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àwọn. Ìyá Oníkọ́tìnì ń lọ fọ̀ ọ́ fún un láràárọ̀, ó ń pààrọ̀ aṣọ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á na ọwọ́ sí i, á yíjú sí ògiri.

Ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, egbò náà dé egungun. Sáà tuntun ku oṣù mọ́kàndínlógún. Wọ́n gé ìka mẹ́ta kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n, wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka tó kéré jù sílẹ̀ fún un.